A Kì Í Fi Omi Ìdọ̀tí Ṣe Àlùwàlá

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò. Bí ènìyàn bá ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn tí a rẹ́ jẹ, ǹjẹ́ ó tọ́ kí òun náà fi irọ́ àti owó ẹ̀yìn wá ọ̀nà tí yóò fi gba ẹ̀tọ́ náà? Ọ̀pọ̀ ni yóò yára dáhùn pé kò tọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ẹni tí ó ti gba owó tabua padà fún òṣìṣẹ́ àti arúgbó, ìdáhùn náà kì í yá wa lẹ́nu mọ́. Ìtàn agbẹjọ́rò ará Amẹ́ríkà kan, William Lerach, ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pe àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí wọ́n bá purọ́ fún àwọn tí ó ra ìpín ìdókòwò wọn lẹ́jọ́. Ẹni tí ó ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ kan ti di ọ̀kan nínú àwọn tí ó ni ín. Ìwé ìṣirò owó tí ilé-iṣẹ́ náà ń gbé jáde ni ó fi ń mọ̀ bóyá èrè ń wọlé tàbí gbèsè ń pọ̀. Bí ìwé náà bá jẹ́ irọ́, òṣùwọ̀n èké ni wọ́n fi wọn ọjà fún un. Ẹnì kan ṣoṣo kò lágbára láti bá irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣẹjọ́, nítorí náà òfin Amẹ́ríkà gbà kí ẹni díẹ̀ pẹjọ́ lórúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n jọ pàdánù. Lọ́dún 1995, àwọn aṣòfin wọn tún òfin náà ṣe, pé ẹni tí àdánù rẹ̀ pọ̀ jù ni ó yẹ kí ó ṣáájú ẹjọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn àjọ tí ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ti ń bọ́ síwájú. Owó àmánà ni ó wà lọ́wọ́ wọn, gẹ́gẹ́ bí owó àwọn ará ọjà ṣe ń wà lọ́wọ́ alájọ.

Ẹjọ́ Lerach tí ó lókìkí jù ni ti Enron, ilé-iṣẹ́ tí ń ta gáàsì àti iná mànàmáná ní ìlú Houston, ìpínlẹ̀ Texas. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2000, ẹyọ ìpín kan nínú rẹ̀ tó nǹkan bí 90 dọ́là. Àwọn ọ̀gá ibẹ̀ ti fi gbèsè pamọ́ sínú àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n dá sílẹ̀. Nígbà tí àṣírí tú, tí Enron lọ sí kóòtù ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ọdún 2001 pé òun kò lè san gbèsè òun mọ́, ẹyọ ìpín náà kò tó dọ́là kan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ pàdánù iṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì pàdánù owó ìfẹ̀yìntì wọn pẹ̀lú, nítorí inú ìpín Enron náà ni owó ọ̀hún wà. Níbo wá ni àwọn tí ń yẹ ìwé owó wò wà? Ilé-iṣẹ́ Arthur Andersen ni ó ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Lọ́dún 2000 nìkan, mílíọ̀nù 52 dọ́là ni wọ́n gbà lọ́wọ́ Enron, èyí tí ó sì lé ní ìdajì rẹ̀ jẹ́ ti iṣẹ́ mìíràn tí kì í ṣe yíyẹ ìwé wò. Ẹnu tí ó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo.

Yunifásítì California, tí ó pàdánù nǹkan bíi mílíọ̀nù 145 dọ́là, ni kóòtù yàn láti ṣáájú ẹjọ́, Lerach sì ni agbẹjọ́rò wọn. Ó pe àwọn ọ̀gá Enron lẹ́jọ́, ó sì pe àwọn báǹkì tí ó ní wọ́n lọ́wọ́ sí i. Lọ́dún 2005, Citigroup gbà láti san bílíọ̀nù 2 dọ́là, JPMorgan Chase gbà láti san bílíọ̀nù 2.2, báǹkì CIBC ti Kánádà sì gbà láti san bílíọ̀nù 2.4. Àpapọ̀ owó tí ẹjọ́ náà mú wá lé ní bílíọ̀nù 7. Kí a sọ tòótọ́, iṣẹ́ ńlá ni.

Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹwàá ọdún 2007, Lerach fúnra rẹ̀ dúró níwájú adájọ́, ó sì gbà pé òun jẹ̀bi. Ẹ̀sùn náà ni pé ó bá àwọn mìíràn gbìmọ̀ láti ṣe ìdíwọ́ fún ìdájọ́ àti láti sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ lórí ìbúra. Ní Milberg Weiss, ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò tí ó ti ṣiṣẹ́ títí di ọdún 2004, wọ́n ń fún àwọn kan lówó ní ìkọ̀kọ̀ kí wọ́n lè lo orúkọ wọn láti fi pẹjọ́. Ìjọba ní owó ẹ̀yìn náà lé ní mílíọ̀nù 11 dọ́là, láàárín àkókò tí ó lé ní 20 ọdún. Ní oṣù Kejì ọdún 2008, adájọ́ rán Lerach lẹ́wọ̀n ọdún 2. Ẹjọ́ Enron kò sí nínú ohun tí wọ́n kà sí i lọ́rùn. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá.

Ẹnìkan lè béèrè pé, ta ni owó náà pa lára? Inú owó iṣẹ́ àwọn agbẹjọ́rò ni ó ti jáde, kì í ṣe àpò àwọn tí a rẹ́ jẹ. Kò yẹ kí a kàn fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ yìí sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí olùpẹjọ́ wà fún. Òun ni ojú fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí kò sí ní kóòtù. Òun ni ó yẹ kí ó wo agbẹjọ́rò lójú, kí ó sọ pé owó iṣẹ́ rẹ ti pọ̀ jù, tàbí pé ohun tí o fẹ́ gbà fún wa ti kéré jù. Bí ó bá wá jẹ́ pé bí owó agbẹjọ́rò ṣe ń pọ̀ ni tirẹ̀ náà ń pọ̀, ta ni yóò gba ẹnu àwọn yòókù sọ̀rọ̀?

Ẹ wò ó dáadáa, gbòǹgbò ẹ̀ṣẹ̀ Enron gan-an nìyí. Lọ́hùn-ún, ẹni tí ó yẹ kí ó ṣọ́ ìwé owó ń jẹun lọ́wọ́ ẹni tí ó ń ṣọ́. Níhìn-ín, ẹni tí ó yẹ kí ó ṣọ́ agbẹjọ́rò ń jẹun lọ́wọ́ agbẹjọ́rò. N kò sọ pé ìwọ̀n wọn dọ́gba, nítorí ẹni tí ó sọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún di aláìní ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí a rẹ́ jẹ ń wá ohun tí ó ju owó lọ ní kóòtù. Ó ń wá ibì kan tí irọ́ kò ti ní rọ́wọ́ mú. Bí ẹni tí ń gbèjà rẹ̀ bá tún gbé irọ́ wọ ibẹ̀, ibo ni yóò sá sí?

Kò yẹ kí a tìtorí èyí sọ pé owó tí àwọn tí Enron rẹ́ jẹ rí gbà kì í ṣe ẹ̀tọ́ wọn. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò yẹ kí a fi owó náà bo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ òfin àti ti ìṣirò owó, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ ó di àmánà àwọn ẹlòmíràn mú, tí ẹnìkan yóò sọ fún yín pé ohun rere ni ẹ ń lé, ẹ má wo ọ̀nà. Ẹ bi í léèrè pé, bí ọ̀nà náà bá dára, kí ni ó dé tí adájọ́ kò gbọdọ̀ gbọ́ nípa rẹ̀? Ẹni tí yóò kírun, omi àlùwàlá rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wò. Bí omi náà bá ti ní ìdọ̀tí, bí ó ti wù kí ó pẹ́ lórí ìforíkanlẹ̀ tó, yóò padà wá tún un ṣe.