Ibi tí Ẹgba Kò Dé: Kùtúbà Jímọ̀ lórí Ajá Kíkọ́

KÙTÚBÀ ÀKỌ́KỌ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó dá ohun gbogbo, tó sì fi ìmọ̀ jíǹkí ọmọ ènìyàn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábà rẹ̀ pátá.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a gba ara wa àti ẹ̀yin náà níyànjú ìpáyà Ọlọ́hun. Ẹni tó bá páyà Rẹ̀ yóò máa ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀ lára ènìyàn, yóò sì máa ṣọ́ ọ lára ẹranko tí kò lè fi ẹnu sọ ohun tó ń dùn ún.

Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí ajá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu. Púpọ̀ nínú wa ló ń sin ajá fún ìṣọ́ ilé, fún oko, fún agbo ẹran tàbí fún ọdẹ. Àwọn kan nínú wa ní láìsí ẹgba àti ebi, ajá kò lè gbọ́ràn. Àwọn mìíràn ní oúnjẹ, ìyìn àti sùúrù ni kí á fi kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí á gbé àríyànjiyàn yìí sórí òṣùwọ̀n ẹ̀sìn.

Nínú Suratul-Maidah, ẹsẹ kẹrin, Ọlọ́hun ṣe ẹran tí ajá ọdẹ bá mú ní ẹ̀tọ́ fún wa, ṣùgbọ́n ajá tí a ti kọ́ ni. Ó sì fi yé wa pé ìmọ̀ tí a fi kọ́ ọ, ọ̀dọ̀ Òun ni ó ti wá. Nígbà tí Adiyy ọmọ Hatim bi Ànọ́bì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) léèrè nípa ọ̀rọ̀ yìí, Ànọ́bì fi yé e pé bí ajá bá ti jẹ nínú ẹran náà, kí ó má jẹ ẹ́, nítorí a ń bẹ̀rù pé ara rẹ̀ ni ajá mú un fún.

Ẹ fara balẹ̀ síbí. Inú igbó ni ajá ti mú ẹran. Ọdẹ kò sí níbẹ̀, ẹgba rẹ̀ kò sì dé ibẹ̀. Ẹran wà lẹ́nu ajá, síbẹ̀ ó dì í mú de olówó rẹ̀. Kí ló dá a dúró? Ẹ̀kọ́ tó ti wọ̀ ọ́ lára ni. Ibi tí ẹgba gùn mọ ni ìbẹ̀rù ẹgba mọ. Ẹ̀kọ́ a máa bá ẹni dé ibi tí ojú kò tó.

Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí á bi ọdẹ náà pẹ̀lú: nígbà tí ajá gbọ́ fèrè tó sì wá, kí ló bá? Bí a bá pe ajá, tó dé, tí a wá nà án nítorí pé ó pẹ́, lójú tirẹ̀, wíwá tó wá ni a nà án sí. Lọ́jọ́ mìíràn kò ní wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ti ọjà dé, tó rí i pé ajá ti da ìkòkò ọbẹ̀ nù láti àárọ̀, tó wá fa kóbókò yọ. Ajá kò ronú kan ìkòkò mọ́. Ohun tó kọ́ ni pé bí baálé bá ti ń wọlé, ewu ń wọlé.

Àwọn kan tún ń fi ata sínú oúnjẹ rẹ̀, wọ́n ń so ó mọ́lẹ̀ tọ̀sán-tòru, kí ó lè rorò. Ajá tí ìpayà ti kún inú rẹ̀ kì í mọ olè yàtọ̀ sí ọmọ aládùúgbò tí a rán níṣẹ́. Ọmọ ọlọ́mọ ni yóò gé jẹ, àwa ni a ó sì dáhùn fún un.

Ohun tí ojú ń rí yìí ni àwọn onímọ̀ náà rí. Ní ọdún 2020, àwọn olùwádìí ní ilẹ̀ Pọtogí gbé àyẹ̀wò jáde lórí ajá 92 láti ilé-ẹ̀kọ́ ajá méje. Àwọn ajá tí a fi ìnira kọ́ fi àmì ìpayà hàn ju àwọn tí a fi ẹ̀bùn kọ́ lọ. Ní ilẹ̀ Wales, láti ọdún 2010 ni òfin ti ka kọ́là oníná tí a fi ń gbá ajá lára léèwọ̀.

Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà yìí ti là fún wa tipẹ́. Aishah, ìyá àwọn onígbàgbọ́ òdodo, gun ràkúnmí kan tó le, ó sì ń fà á síwá sẹ́yìn. Ànọ́bì pa á láṣẹ pé kí ó máa ṣe jẹ́jẹ́. Ẹ rí i pé ràkúnmí náà le lóòótọ́, síbẹ̀ líle rẹ̀ kò sọ ìwà líle di ẹ̀tọ́. Ànọ́bì kan náà ló kọ̀ fún wa láti na ẹranko lójú. Òun náà ló sì fún wa ní ìròyìn ọkùnrin tó wọ inú kànga, tó fi bàtà rẹ̀ bu omi fún ajá tí òǹgbẹ ń gbẹ, tí Ọlọ́hun sì torí rẹ̀ dárí jì í.

Bí ajá bá lè pa ẹran mọ́ fún olówó rẹ̀ níbi tí olówó rẹ̀ kò ti rí i, àwa tí Ọlọ́hun ń rí níbi gbogbo ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí á tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Rẹ̀. Aláforíjìn, Aláàánú ni.

KÙTÚBÀ KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì wa.

Ẹ̀yin ènìyàn, ẹnìkan lè wí pé ajá tó lágbára, tó ń lé ewúrẹ́ onílé kejì, ọ̀rọ̀ dídùn kò ká a. A kò fojú kéré ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ẹ̀sìn wa kò gbà kí á ni ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́ kọ́ ni ìgbọ̀jẹ̀gẹ́. Okùn wà tí a lè fi dá ajá dúró, ọgbà wà tí a lè ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Bí ó bá ṣe dáadáa, kí á fún un ní nǹkan lójú ẹsẹ̀, kí ó lè mọ ohun tó gba ẹ̀bùn náà fún. Bí ó bá ṣàṣìṣe, kí á du ẹ̀bùn náà fún un. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kí gbogbo ará ilé máa fi pè é, kí ọkàn rẹ̀ má baà dàrú.

A kò sọ pé kí Mùsùlùmí máa kó ajá jọ láìnídìí. Ànọ́bì yọ̀ǹda rẹ̀ fún ọdẹ, fún ẹran ọ̀sìn àti fún oko, ó sì kìlọ̀ pé ẹni tó bá sin ín láìnídìí ń pàdánù nínú ẹ̀san rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó tún pa wá láṣẹ pé kí á fọ abọ́ tí ajá bá lá ní ẹ̀ẹ̀meje. Ẹ pa ìmọ́tótó yìí mọ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ ọ́ di àwáwí fún ìkà. Ẹ bọ́ ọ, ẹ fún un lómi, ẹ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi fún un. Kí ẹ sì bá àwọn ọmọ tó ń sọ ajá lókùúta lójú ọ̀nà ilé-kéú wí, nítorí ọwọ́ wa ni wọ́n ń wò kọ́ṣe.

Ìwọ Ọlọ́hun wa, fi àánú sí wa lọ́kàn, kí Ìwọ náà ṣàánú wa. Má ṣe jẹ́ kí ẹ̀dá kankan dìde lọ́jọ́ Àjíǹde láti fi ẹjọ́ ọwọ́ wa sùn. Dáàbò bo àwọn ọmọ wa, àwọn ilé wa àti ìlú wa. Fi ìkẹ́ kẹ́ àwọn òbí wa, kí O sì gba ìrun wa. Àmín.