FỌ ASẸ́ RẸ

BÍBÉLÌ KÍKÀ: Orin Dáfídì 51:1-13
ÀKỌ́SÓRÍ: Òwe 4:23 (Kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹta)

Bí o bá dé ilé ìtura tí ó ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́, ìwọ yóò rí i pé omi ibẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kedere. Kì í ṣe pé wọ́n ń da omi náà nù lójoojúmọ́ o. Omi kan náà ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀. Ohun tí ó ń sọ ọ́ di mímọ́ wà ní kọ̀rọ̀, níbi tí àwọn tí ń lúwẹ̀ẹ́ kì í dé. Níbẹ̀ ni ẹ̀rọ tí ń fa omi wà, pẹ̀lú táǹkì kan tí iyanrìn wà nínú rẹ̀. Táǹkì yìí ni asẹ́. Omi á gba òkè wọlé, á gba àárín iyanrìn kọjá, iyanrìn á di ìdọ̀tí mú, omi tí ó mọ́ á sì padà sínú adágún.

Olùfẹ́, ọkàn rẹ ni asẹ́ rẹ. Àkọ́sórí wa òní kọ́ wa pé láti inú ọkàn ni ìyè ti ń ṣàn jáde. Ohun gbogbo tí ọjọ́ kan bá gbé wá ni ó ń gba ibẹ̀ kọjá: èébú ọ̀gá níbi iṣẹ́, ọ̀rọ̀ kòbákùngbé láti ẹnu àna, ọ̀rẹ́ tí ó yá owó tí kò san án, àdúrà tí o ti gbà fún ọdún pípẹ́ tí ìdáhùn kò tíì dé. O gbé e mì, o rẹ́rìn-ín músẹ́, o ní, “Kò burú.”

Ṣùgbọ́n mọ èyí: asẹ́ kì í jẹ ìdọ̀tí run. Ohun tí ó bá dì mú, inú rẹ̀ náà ni ó wà. Ìdí nìyẹn tí géèjì fi wà lára táǹkì náà. Olùtọ́jú tí ó mọ iṣẹ́ á kọ ohun tí géèjì náà sọ sílẹ̀ nígbà tí iyanrìn ṣì mọ́. Bí ó bá ti fi nǹkan bí 8 sí 10 psi ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó mọ̀ pé ó tó àkókò láti fọ̀ ọ́. Kì í ṣe pé asẹ́ náà burú. Iṣẹ́ tí ó ti ṣe ni ó kún inú rẹ̀. Ìwọ òṣìṣẹ́ inú ìjọ, ìwọ ìyá tí gbogbo ẹbí ń kó ẹjọ́ wá bá, ìwọ tí o ń gbàdúrà fún ènìyàn, ọ̀rọ̀ rẹ ni mo ń sọ. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ jù ni asẹ́ rẹ̀ ń tètè kún.

Kí ni géèjì rẹ ń sọ lónìí? Bí asẹ́ bá dí, ipá á máa pọ̀ sí i, omi tí ń jáde á sì máa dín kù. Ṣé ọmọ rẹ béèrè owó ìwé, o fi igbe dá a lóhùn? Ṣé o ń ṣe làálàá jù ti àtẹ̀yìnwá, síbẹ̀ ayọ̀ kò jáde mọ́? Ṣé orúkọ ẹnì kan wà tí inú rẹ máa ń ru bí wọ́n bá ti dá a? Wò ó dáadáa.

Àwọn kan rò pé bí àwọn bá ti da kílórínì púpọ̀ sínú omi, ó ti tán. Ní ọdún 1993, ní ìlú Milwaukee ní Amẹ́ríkà, asẹ́ ilé-iṣẹ́ omi mímu kan kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ. Kílórínì wà nínú omi náà, ṣùgbọ́n kílórínì kò rí kòkòrò kan tí ń jẹ́ Cryptosporidium pa. Nǹkan bí 400,000 ènìyàn ni a ṣírò pé ó kó àìsàn inú. Kòkòrò yìí kan náà lè wà láàyè ju ọjọ́ 7 lọ nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí kílórínì rẹ̀ pé. Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Dípò kí wọ́n dárí jì, wọ́n á fi kún iye ọjọ́ ààwẹ̀. Dípò kí wọ́n ronú pìwà dà, wọ́n á gbé ohùn orin sókè. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Ààwẹ̀ dára, orin dára, ṣùgbọ́n wọn kò lè rọ́pò asẹ́ tí ó mọ́.

Báwo ni a ṣe ń fọ asẹ́?

1. Kọ́kọ́ pa ẹ̀rọ. Ẹni tí ó bá yí ọwọ́ tí ń darí omi nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́ lè bà á jẹ́. Lúùkù 5:15-16 fi hàn wá pé nígbà tí èrò ń wọ́ tẹ̀lé Jésù gan-an ni Ó máa ń yẹra lọ sí aginjù láti gbàdúrà. Dúró jẹ́ẹ́ níwájú Ọlọ́run.

2. Jẹ́ kí omi gba ìsàlẹ̀ wá. Omi á gbé iyanrìn sókè, á sì tú ìdọ̀tí tí ó fara pamọ́ síta. Gíláàsì kékeré kan wà tí olùtọ́jú ń wò. Kò ní dáwọ́ dúró títí omi inú rẹ̀ yóò fi mọ́. Má ṣe sọ pé “Olúwa, dárí jì mí” ní ìṣẹ́jú àáyá kan kí o sì sá lọ. Dárúkọ ọ̀ràn náà. Dárúkọ ẹni náà.

3. Jẹ́ kí ìdọ̀tí gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Omi ìdọ̀tí yìí kì í padà sínú adágún. Ìta ni wọ́n ń dà á sí. Má ṣe da ti ọkàn rẹ sórí ọkọ rẹ, aya rẹ tàbí ọmọ rẹ. Gbé e lọ sí ẹsẹ̀ àgbélébùú. Ìdáríjì kò ní kí o má béèrè owó rẹ. Ó ní kí o má ṣe fi ìkórìíra béèrè rẹ̀.

Síbẹ̀, ìgbà kan ń bọ̀ tí fífọ̀ kò ní tó mọ́. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 5 sí 7, ọ̀pọ̀ olùtọ́jú máa ń pààrọ̀ iyanrìn náà. Òróró àti ìpara tí ń bọ́ lára àwọn ènìyàn lè mú kí ó dì gbagidi, omi á wá la ọ̀nà sí àárín rẹ̀, á gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú ìdọ̀tí rẹ̀. Irú ọkàn bẹ́ẹ̀ ń gbọ́ ìwàásù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ń kọjá, ohunkóhun kò yí padà. A kì í da iyanrìn tuntun lé ògbólógbòó lórí. Gbogbo rẹ̀ ni a ń kó jáde. Ìlérí Ọlọ́run nínú Esekíẹ́lì 36:26 ni ọkàn tuntun, kì í ṣe ọkàn tí a lẹ̀. Bí o kò bá tíì fi ayé rẹ fún Jésù, ibi tí o ti máa bẹ̀rẹ̀ nìyí.

Rántí pé bí asẹ́ bá dí, kì í ṣe asẹ́ ni àìsàn ń mú. Àwọn ọmọ tí ń lúwẹ̀ẹ́ ni. Àwọn ará ilé rẹ wà nínú omi tí ń ti inú rẹ jáde. Nítorí tiwọn, fọ asẹ́ rẹ lónìí.

ÌGBÉSẸ̀ ÒNÍ: Kí o tó jáde nílé, dárúkọ ẹnì kan tí ó ṣẹ̀ ọ́ níwájú Ọlọ́run, kí o sì dárí jì í.

KÓKÓ ÀDÚRÀ
1. Baba, mo dúpẹ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ Jésù tí ń wẹ̀ mí mọ́.
2. Olúwa, fi ohun tí ó ti dí ọkàn mi hàn mí, kí O sì tú u jáde, ní orúkọ Jésù.
3. Baba, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé mi ṣàìsàn nítorí ìbínú tí mo gbé pamọ́.
4. Olúwa, níbi tí ọkàn mi ti dì gbagidi, fún mi ní ọkàn tuntun lónìí, ní orúkọ Jésù. Àmín.