Gbèsè tí A Jẹ Àgbà Akọrin

Ọ̀rọ̀ kan wà ní ọkàn wa tí a fẹ́ gbé ka iwájú yín. Ó jẹ mọ́ orin, ó jẹ mọ́ ọjọ́ ogbó, ó sì jẹ mọ́ bí a ti ń ṣe sí ara wa ní àárín ìjọ yìí pẹ̀lú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, àwa márùn-ún jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ọ̀kan nínú wa ní Lokogoma níhìn-ín. Iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò sì ń ké ní ọ̀tún àti ní òsì. A bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn Èkó, nítorí pé púpọ̀ nínú wa ni ó ti gbé Èkó rí kí iṣẹ́ ìjọba tàbí òwò tó gbé wa wá sí Àbújá, sí orí ilẹ̀ tí àwọn Gbàgyí ti ń dáko kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Bí a ti ń sọ̀rọ̀ ni àwa méjì rántí alẹ́ kan, ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá báyìí, tí a lọ wo Fatai Rolling Dollar níbi tí ó ti ń kọrin ní Èkó.

Fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí a sọ díẹ̀ nípa rẹ̀. Ní ọdún 1927 ni a bí i. Ó ń lu agídìgbo, ó sì ń ta gìtá. Ó bá J. O. Araba ṣeré ní àwọn ọdún 1950 kí ó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ebenezer Obey àti Orlando Owoh wà lára àwọn tí ó tọ́ sọ́nà nígbà tí wọ́n ṣì kéré nínú iṣẹ́ orin. Ẹ wo irú igi tí ó so irú èso bẹ́ẹ̀! Ṣùgbọ́n ayé yí padà fún un. Ìlù àti gìtá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ènìyàn sì gbàgbé orúkọ rẹ̀ fún ọdún pípẹ́. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún kí ilé Jazzhole ní Ìkòyí tó bá a gbé àwo orin tuntun jáde. Orin tí a ń pè ní “Wọn Kéré sí Nọ́ńbà” sì sọ ọ́ di ọ̀dọ́ lẹ́ẹ̀kejì, títí ó fi kú ní 2013.

Ní alẹ́ tí à ń wí yìí, ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Ohùn rẹ̀ ti gbó, bí ohùn àgbà ti í gbó. Níbi tí ọ̀dọ́ ì bá ti fa ohùn gùn, òun a gé e kúrú, a sì jẹ́ kí gìtá parí gbólóhùn náà fún un. Inú wa dùn púpọ̀, a sì ń pàtẹ́wọ́. Nígbà náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó jókòó ti ẹ̀gbẹ́ wa bi wá léèrè pé, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé orin bàbá yìí ni ẹ ń gbádùn, àbí àánú rẹ̀ ni ó ń ṣe yín?” A rẹ́rìn-ín, a kò sì dá a lóhùn. Ní òtítọ́, a kò ní èsì.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Lokogoma, ìbéèrè náà tún jí dìde. Ọ̀kan nínú wa sọ pé bí a bá dàgbà, à á yé ogun jà. Ó ní ó yẹ kí akọrin mọ ìgbà tí ó tọ́ láti gbé gìtá kọ́ ara ògiri, kí àwọn ènìyàn má baà fi ohùn ọjọ́ ogbó rẹ̀ ṣe òdiwọ̀n ohùn ìgbà èwe rẹ̀. Ẹlòmíràn sọ pé a kò lọ wo àgbà akọrin rárá, ìgbà èwe tiwa ni a lọ wò. Ó ní nígbà tí bàbá òun àti àbúrò bàbá òun ń jiyàn ní àwọn ọdún 1970 lórí ta ni ó ga jù, Obey ni tàbí Sunny Adé, òun ṣì jẹ́ ọmọdé tí ń gbé omi fún àlejò. Bí òun bá gbọ́ gìtá Sunny Adé lónìí, bàbá òun ni òun ń rí. Ẹnì kẹta kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kàn wí pé, “Àánú ni. Ẹ jẹ́ kí a má tan ara wa.”

A ti ro ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti ìgbà náà, a ó sì yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Òwe ogun jíjà yẹn dára, ṣùgbọ́n orin kì í ṣe ogun. Ẹni tí kò lágbára mọ́ tí ó lọ sí ojú ogun yóò kú, yóò sì fa ikú àwọn tí ó tẹ̀ lé e. Ta ni ó kú nítorí pé àgbà kọrin? Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà ṣá. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn tí ń gba owó ẹnu ọ̀nà ni ó ń ti arúgbó jáde nígbà tí ara rẹ̀ kò yá, ìkà ni wọ́n ń ṣe, àwa tí a san owó náà sì bá wọn lọ́wọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́ kọrin, ta ni ó fi wá ṣe olùṣọ́ orúkọ rẹ̀? Orúkọ rẹ̀ kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ tí a tò sínú àpótí dígí fún ìgbádùn tiwa.

Ní ti pé ìgbà èwe wa ni a lọ wò, a kò lè sẹ́ èyí pátápátá. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìyẹn nìkan, àwo orin àtijọ́ ì bá tó. Orí àga ilé wa ni à bá jókòó sí, tí a kò ní fi òru wá ọkọ̀. Àwo orin kò rí wa. Kò mọ̀ bóyá a ti darúgbó tàbí a ti kú. Àgbà tí ó dúró ní iwájú wa ń wo ojú wa, ó rí irun wa tí ó ti funfun, ó sì mọ̀ pé ọ̀nà kan náà ni òun àti àwa jọ ń rìn. Ẹ̀rí mìíràn tún wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bi wá léèrè yẹn kò tí ì dé ayé nígbà tí Fatai Rolling Dollar ń ṣe àwo rẹ̀ àkọ́kọ́. Kò ní ìgbà èwe kankan láti rántí nínú orin náà. Síbẹ̀, kí alẹ́ ọjọ́ náà tó parí, ó ti dìde, ó ń jó. Kí ni òun ń rántí?

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àánú. Èyí ni ó le jù. Àánú a máa wo ènìyàn láti òkè sí ìsàlẹ̀. Ẹni tí ń ṣàánú akọrin kì í fetí sí orin rẹ̀, ó kàn ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, “Bàbá yìí gbìyànjú.” Bí a bá pàtẹ́wọ́ fún ohun tí a kò gbádùn, irọ́ ni a fi ọwọ́ pa, àgbà a sì máa mọ̀, nítorí pé ó ti gbọ́ àtẹ́wọ́ púpọ̀ ju wa lọ. Ọ̀wọ̀ yàtọ̀ sí èyí. Ọ̀wọ̀ a máa fetí sílẹ̀ láti gbọ́ ohun tí ẹni yìí nìkan lè ṣe. Àwọn àgbà wí pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ibi tí ohùn ti gé kúrú yẹn, tí gìtá fi parí gbólóhùn, kì í ṣe àìlera nìkan. Ẹni tí ó ti ń ta gìtá fún ọdún tí ó lé ní àádọ́ta ni ó mọ ohun tí a lè fi sílẹ̀ kí orin má sì bàjẹ́.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni èyí ti rí bẹ́ẹ̀. Ní erékùṣù Cuba, akọrin kan wà tí a ń pè ní Ibrahim Ferrer. Ní ọdún 1927 kan náà ni a bí òun pẹ̀lú. Ó ti kúrò nídìí orin, ó ń nu bàtà fún àwọn ènìyàn kí ó lè jẹun, kí wọ́n tó wá a wá láti kọrin sínú àwo Buena Vista Social Club, tí ó jáde ní 1997. Ayé gbọ́ ọ. Bí ó bá jẹ́ àánú lásán ni, ẹni tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Tokyo, tí kò mọ ìyà tí ó jẹ, kò ní ra àwo náà.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ní 2013, Victor Olaiya, ẹni tí a bí ní òpin ọdún 1930, tún orin rẹ̀ àtijọ́ kọ pẹ̀lú 2Face Idibia, tí ó jẹ́ bí ọmọ ọmọ sí i. Ọ̀dọ́ mú etí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá, àgbà mú orin wá. Kò sí ẹni tí ó ṣàánú ẹnì kejì níbẹ̀.

Nítorí náà, a rò pé gbèsè ni ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ rò ó wò. Orin tí a fi gbé ìyàwó, tí a fi sọ ọmọ lórúkọ, tí a fi ṣílé, èló ni a san fún ẹni tí ó kọ ọ́? Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ tí ìjọba ṣe ní 1988 fún ohùn tí a gbà sínú àwo ní àádọ́ta ọdún. Bí akọrin bá gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní 1957, àádọ́ta ọdún náà pé ní 2007. Bí akọrin bá tètè bẹ̀rẹ̀ tí ó sì pẹ́ láyé, ó lè wà láàyè lẹ́yìn tí ẹ̀tọ́ orí àwo rẹ̀ ti kú. Àwa fúnra wa ń kọ́? Mélòó nínú kásẹ́ẹ̀tì tí a ń gbọ́ nígbà náà ni a rà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín, mélòó sì ni a fi kásẹ́ẹ̀tì òfìfo dà kọ ní ìsọ̀ ẹni tí ń tún rédíò ṣe? A jẹ́wọ́ pé a wà lára wọn.

Ọjọ́ a bá kú là á dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Bí irú àwọn àgbà wọ̀nyí bá kú, a ó ra aṣọ ẹbí, a ó pa màlúù, ìjọba yóò kọ ìwé ìdárò. Owó ọjọ́ kan náà ì bá ti ra oògùn ọdún kan fún un. Gbèsè kì í ṣe ohun tí a ń san fún òkú nígbà tí olówó rẹ̀ wà láàyè ní ìtòsí wa.

Ẹ̀yin ará, bí ó bá ṣe pé ibí ni ọ̀rọ̀ parí sí, ó rọrùn. Ṣùgbọ́n àwa náà ní àgbà kan ní Lokogoma. Gbogbo yín mọ Bàbá Onílù wa. Òun ni ó ń lu ìyá ìlù nígbà tí a ṣì ń pàdé lábẹ́ àtíbàbà, tí òjò ń lé wa. Láti ọdún tí ó kọjá, ọrùn ọwọ́ ń dùn ún, ìlù a sì máa falẹ̀ lẹ́yìn orin. Ní ìpàdé, a pinnu pé kí Bàbá máa sinmi, kí àwọn ọmọ tí ń tẹ kíbọ́ọ̀dù gba iṣẹ́ náà. Àwa tí ń kọ ìwé yìí nawọ́ sókè pẹ̀lú àwọn tí ó fara mọ́ ọn. A pè é ní ọ̀wọ̀. Àánú ni, kò sì sí ẹnì kankan tí ó bi Bàbá léèrè.

Lẹ́yìn alẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, a lọ sí ilé rẹ̀. A dọ̀bálẹ̀, a sì bi í ní ohun tí ó fẹ́. Ó pẹ́ kí ó tó fèsì. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, èmi náà mọ̀ pé ọwọ́ mi ti falẹ̀. Ta ni yóò mọ̀ ọ́n jù mí lọ? Ẹ ní kí n sinmi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti dé Àbújá yìí, ta ni ẹ ti rán wá kọ́ ìlù lọ́dọ̀ mi?”

A kò rí ohun kan sọ. Nígbà tí a dìde láti máa lọ, ó fi kún un pé bí a bá fẹ́, òun lè máa lu ìlù ìwọlé nìkan, kí àwọn ọmọ gba ìyókù; òun mọ ibi tí agbára òun mọ. Àwa tí a jókòó ní ìpàdé, tí a ń wọn agbára ẹlòmíràn, a kò ronú kan èyí.

A ó gbé ọ̀rọ̀ náà padà sí iwájú ìpàdé tí ń bọ̀, a ó sì sọ pé a ṣìnà. Kí ọjọ́ náà tó pé, Bàbá ti gbà láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìlù ní ọjọ́ Sátidé, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn gbọ̀ngàn wa. Ọmọ méjì péré ni ó wá ní ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú àwọn ọmọ yín wá, lọ́kùnrin lóbìnrin, àní àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa, nítorí ìlù yóò kọ́ wọn ní èyí náà.

Ní ti ọ̀dọ́mọkùnrin Èkó yẹn, ó ti di bàbá ọmọ báyìí, a kò sì mọ ibi tí ó wà. Èsì wa pẹ́ dé. Kì í ṣe àánú, ọmọ wa. Gbèsè ni, àwa náà sì ń gbádùn orin náà bí a ti ń san án.