Ta Ló Ń Jíhìn fún Ta?

Bí akápò ẹgbẹ́ bá dìde nínú ìpàdé, tó ka ìṣirò owó tán, tí gbogbo ilé pàtẹ́wọ́, tó wá gbé àpò rẹ̀ tó bá ọ̀nà lọ, ṣé ó ti jíhìn nìyẹn? Lójú tèmi, rárá o. Ìgbà tí a bá bi í léèrè, tó sì dáhùn, ló tó jíhìn.

Ẹ wo àwọn ará Amẹ́ríkà. Lọ́dọọdún ni Ààrẹ wọn ń wá bá ilé aṣòfin méjèèjì sọ̀rọ̀ lórí bí ìlú ti rí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé dandan ni kó wá fúnra rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí òfin ìpìlẹ̀ wọn wí ni pé kí Ààrẹ máa fún àwọn aṣòfin ní ìròyìn láti ìgbà dé ìgbà. George Washington fi ẹnu ara rẹ̀ sọ tirẹ̀ ní 1790. Ní 1801, Thomas Jefferson kọ tirẹ̀ ránṣẹ́, nítorí àṣà náà jọ ti ọba lórí ìtẹ́ lójú rẹ̀. Ìwé ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ títí Woodrow Wilson fi tún wọ ilé náà ní 1913.

Tẹlifíṣọ̀n ti wá sọ ọ́ di ìran wíwò. Àwọn kan á dìde pàtẹ́wọ́, àwọn kan á jókòó fajú ro. Ní 2020, Nancy Pelosi tó jẹ́ olórí ilé aṣojú fa ìwé ọ̀rọ̀ Donald Trump ya lójú gbogbo ayé. Àtẹ́wọ́ o, ìwé yíya o, èwo ni ìbéèrè níbẹ̀?

Ṣé ká padà sí ìwé Jefferson ni? N ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ojú l'ọ̀rọ̀ wà, ó sì yẹ kí mẹ̀kúnnù gbọ́ ohùn ẹni tó dìbò fún. Ṣùgbọ́n kí ẹni náà dúró gba ìbéèrè. Olóòtú ìjọba Ìlú Ọba ń ṣe é ní Ọjọ́rú tí ilé bá ń jókòó. Ariwo ibẹ̀ pọ̀ lóòótọ́, síbẹ̀ kò pa á.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá, nítorí irú ìjọba Amẹ́ríkà la mú ní 1979. Òfin wa ti 1999 gba Ààrẹ láyè láti wá bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀ bó bá wù ú. Ṣùgbọ́n mínísítà tí wọ́n bá pè gbọ́dọ̀ wá ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí a ń bi ọmọ iṣẹ́, kí ló dé tí a ò lè bi ọ̀gá?

Àwọn kan á ní àfojúdi ni. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀wọ̀ yàtọ̀ sí ìbẹ̀rù. Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Àbí ta ló rán Ààrẹ níṣẹ́, bí kì í bá ṣe àwa? Kó wá, kó sọ tirẹ̀. Bó bá sọ ọ́ tán, ẹ fún un lómi mu, kẹ́ ẹ sì ní kó jókòó, ìbéèrè kù.