Òfin Gbà Á, Ṣé Ó Tọ́?
Nígbà tí ìjọba ìbílẹ̀ bá ń jiyàn lórí ibi tí ilé tuntun máa wà, ta ni wọn kì í sáábà pè? Ẹni tó ń dáko níbẹ̀ ni! Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 ní owó gbà-má-bínú wà fún ilé àti irè oko. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Wọ́n á ka ẹ̀gẹ́, wọn ò ní ka baba tó ṣán igbó.

Ìlú gbọ́dọ̀ fẹ̀, mo gbà; èmi náà ń háyà ilé. Àmọ́ ní oṣù Keje 1990, ìjọba ológun Èkó wó Maroko. Nǹkan bí 300,000 ènìyàn ló di aláìnílé. Ilé olówó ló kún ibẹ̀ báyìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí ẹ bá lórí ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fún nílé.