Omi Àjọlò

Ẹni tí ń sin ẹja òkun nínú àpótí gíláàsì a máa so àpótí púpọ̀ mọ́ asẹ́ kan ṣoṣo. Omi tí ó pọ̀ kì í tètè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹja tuntun kan bá gbé àrùn wọlé, gbogbo wọn ni yóò kó o. Nítorí náà ni a ṣe ń kọ́kọ́ ya ẹja tuntun sọ́tọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6.

Ǹjẹ́ ó tọ́ bẹ́ẹ̀ láàrin àwọn ayálégbé Lapaz, ní Accra, tí wọ́n ń jọ lo omi agboolé kan? Bí àrùn bá wà, tí a sì dá ọjọ́ ìtúsílẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù àlejò a máa kọjá àrùn. Ní November 1969, ìjọba Ghana fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ 2 péré láti jáde. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tí ó di ẹrù kì í ṣe àlejò rárá: Ghana ni a bí wọn sí.