Àwòrán àti Awòran

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ìbéèrè kan rèé: ta ló ni ojú èèyàn nígbà tó bá wà láàárín ìgboro? Ṣé òun fúnra rẹ̀ ni, àbí ẹni tó gbé kámẹ́rà dání?

Ilẹ̀ Íńdíà ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, torí àwọn ayàwòrán ibẹ̀ ti gbé ìgboro wọn fáyé rí. Ní 1967, Raghubir Singh ya obìnrin mẹ́rin kan ní Monghyr, ní ìpínlẹ̀ Bihar. Òjò ńlá ń rọ̀, aṣọ wọn ti lẹ̀ mọ́ wọn lára, wọ́n sì fún mọ́ ara wọn. Nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀gá nídìí iṣẹ́ náà ṣì ń ya fọ́tò dúdú-àti-funfun, aláwọ̀ ni Singh ń yà ní tiẹ̀, torí ó gbà pé láìsí àwọ̀, Íńdíà kò pé. Àwòrán náà rẹwà, kò sẹ́ni tó máa jiyàn. Ṣùgbọ́n ta nínú wa ló máa fẹ́ kí wọ́n ya ìyá òun bẹ́ẹ̀, kí wọ́n wá gbé e kọ́ ara ògiri fún àlejò?

Àwọn kan á ní, "Ṣebí ìta gbangba ni, kò sí àṣírí níta." Èmi ò gbà. Olówó lè ti ilẹ̀kùn ilé rẹ̀. Tálákà tó ń wẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ omi lẹ́bàá títì ní Kolkata, ilẹ̀kùn wo ló fẹ́ tì? Ìta ni yàrá rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìta nìkan ló ń sọ ojú ẹni di ti gbogbo ayé, a jẹ́ pé òṣì ló ń gba ojú lọ́wọ́ ẹni.

Ẹ má torí ẹ̀ ní ká fòfin de kámẹ́rà o. Ní alẹ́ ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà, 1975, tí ìjọba Indira Gandhi kéde ìjọba pàjáwìrì, wọ́n paná mànàmáná mọ́ àwọn ilé ìwé ìròyìn ní Delhi, wọ́n sì ń yẹ ìròyìn wò kó tó jáde. Ìjọba tó ń dí ojú kámẹ́rà, kì í sábà ṣe tálákà ló ń dáàbò bò. Olóṣèlú tó ti lẹ ojú ara rẹ̀ mọ́ gbogbo ògiri láti gba ìbò, ẹ yà á dáadáa jàre.

Èyí tó le jù ni ti Bhopal. Ní òru ọjọ́ 2 mọ́jú ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá, 1984, gáàsì olóró tú jáde ní ilé iṣẹ́ oògùn apakòkòrò Union Carbide, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Raghu Rai àti Pablo Bartholomew, kálukú wọn ya ọmọdé kan náà bí wọ́n ṣe ń sin ín: erùpẹ̀ ti bo ara rẹ̀, ojú rẹ̀ ló kù. Ti Bartholomew gba ẹ̀bùn àwòrán ọdún náà lọ́wọ́ World Press Photo. A mọ orúkọ àwọn tó yà á. Orúkọ ọmọ náà, a ò mọ̀ ọ́n.

Ṣé kí wọ́n má yà á ni? Rárá. Àjànàkú kọjá "mo rí nǹkan fìrí." Àwọn agbẹjọ́rò lè máa jiyàn lórí iye òkú, wọ́n sì parí ẹjọ́ owó ní 1989 sí mílíọ̀nù 470 dọ́là. Ojú ọmọ yẹn ò ṣe é jiyàn. Ṣùgbọ́n nítorí pé kò lè gbà, kò sì lè kọ̀, gbèsè wà lọ́rùn àwa tó ń wò ó.

Èdè wa ti la ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn onímọ̀ kan ní à-wò-rántí ló di àwòrán. Yí ohùn rẹ̀ díẹ̀, ó di awòran, ẹni tó kàn dúró wò. Ẹni tó rí ọmọ Bhopal, tó béèrè ẹni tó jẹ̀bi àti ẹni tí kò rí ẹ̀tọ́ gbà, ìyẹn rántí. Ẹni tó ní "fọ́tò yìí mà dáa o," tó ṣí ojú ewé kejì, awòran ni.

Nítorí náà, ẹni tó bá lè fèsì, ẹ bi í. Wọ́n ní bíbéèrè máa ń ba ìṣe ẹni jẹ́? Ẹ yà á ná, kẹ́ ẹ wá béèrè. Bó bá kọ̀, ẹ pa á rẹ́. Fọ́tò kan tó bọ́ kò pààyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ikú ti pa lẹ́nu mọ́, àwa tó ń wò ó ló yẹ ká bá a rojọ́.